Dín Ni, Kì í Ṣe Lé

                                                            Ilé kẹrìnlá, Òpópónà Kẹta,
                                                            Gwarinpa,
                                                            Abuja.
                                                            Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Titus,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́. Mú èyí tó bá bá àkókò tí Jàbárù awakọ̀ gbé ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ mu. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìkọ̀lé? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà á láàmú ti ń gbọ́ oògùn? Jọlá ńkọ́, ṣé ó ti padà sílé ìwé, àbí inú ṣì ń run ún ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè? Ṣé iṣu tuntun ti jáde dáadáa lọ́dún yìí? Níhìn-ín, ojú la fi ń rí iṣu, ọwọ́ wa kò tó o. Òjò sì ń rọ̀ ní Gwarinpa bíi pé ó ń bá ẹnì kan jà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara wa le, a dúpẹ́. Akínjídé, ọkọ mi, ní kí n kí ọ. Idu ló ṣì ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ṣì ń lérí pé lọ́jọ́ kan òun á wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ lọ sí Kaduna, kí òun kàn lọ jẹ súyà kí òun sì padà. O mọ̀ pé kò ní lọ.

Kí o tó ka ìwé yìí síwájú, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe. Bí kọ́kọ́rọ́ ilé Bàbá bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́, má fún àwọn olùkọ́ méjì yẹn. Bí o bá ti fún wọn, lọ gbà á padà kí o tó jókòó. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o wá ayálégbé sílé náà, èmi náà ni mo sì ń sọ pé kí o dá wọn dúró. Sọ fún wọn pé Àǹtí Jemimah tó wà ní Abuja kò mọ ohun tó ń ṣe. Kò ní dùn mí, nítorí kò jìnnà sí òótọ́.

Ó yẹ kí n ti fi fóònù sọ ọ́, mo sì ti pè ọ́ títí ó fi sú mi. Jàbárù ló wá ṣàlàyé fún mi pé fóònù rẹ bọ́ sínú kànga nígbà tí o ń fa omi. Kí ni fóònù ń wá létí kànga, Titus? Ṣùgbọ́n Bàbá ní ó dára bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, àfi kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè rí i kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, fara balẹ̀. Màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

O mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin ni ẹsẹ̀ Bàbá yọ̀ nílé ìwẹ̀, tí ìwọ fúnra rẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù, tí èmi sì wá gbé wọn wá sí Abuja kí wọ́n lè sinmi. Ìsinmi díẹ̀ la pè é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń bi mí léèrè ọjọ́ tí wọn yóò padà sílé. Kì í ṣe pé a ń fi ohunkóhun dùn wọ́n. Ilé wọn ni wọ́n fẹ́, àga wọn tó wà lábẹ́ igi ọsàn, àti àwọn ọmọ ilé ìwé girama tó máa ń gbé ìṣirò tó ta kókó wá bá wọn ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìṣirò kò tíì fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ wọn.

Mítà iná ilé wa ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Níbí, bí iná bá fẹ́ tán, orí fóònù la ti ń rà á. Wọ́n á fi nọ́ńbà gígùn kan ránṣẹ́, ogún ẹyọ ni, wọ́n á pín in sí mẹ́rin mẹ́rin kí ojú má baà ṣì í kà. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú mítà ara ògiri, iná á wọlé. Tókìn là ń pè é. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń tẹ tókìn, n kò wo ojú rẹ̀ rí. Èyí tí Bàbá kọ́kọ́ rí, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n dúró ná. Wọ́n ní irú ayé wo rèé, tí ẹnì kan á ṣẹ̀dá nọ́ńbà tó tóbi tó báyìí, tí a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a ó sì jù ú nù láì mọ irú ẹni tó jẹ́.

O rántí bí wọ́n ṣe máa ń pín nọ́ńbà sí ìdílé ìdílé fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Èyí tí kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè pín in dọ́gba àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀, bíi eéje tàbí ẹẹ́tàlá, wọ́n ń pè é ní Àdágbé. Àwọn yòókù ni Ọlọ́mọ, nítorí àwọn nọ́ńbà tó pín wọn dọ́gba ni ọmọ wọn. Nínú àwọn náà, wọ́n á ní kí a ro àwọn ọmọ pọ̀, kí a yọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀, kí a wo iye tí wọ́n jẹ́. Bí wọn kò bá tó bàbá wọn, Kò-tó ni, kì í sì í ṣe kòtò tí ènìyàn ń jìn sí, gẹ́gẹ́ bí ìwọ ṣe kọ ọ́ nínú ìdánwò nígbà kan. Bí wọ́n bá bá a dọ́gba gẹ́lẹ́, bíi ẹẹ́fà tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ oókan, eéjì àti ẹẹ́ta, Péye ni, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Bí wọ́n bá ju bàbá wọn lọ, bíi eéjìlá tí àpapọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún, Ànító ni. Nínú gbogbo wọn, Àdágbé ni aláìní jù, torí oókan péré ni ọmọ tó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ tókìn wò. Gbogbo ìgbà tí iná bá tán, inú wọn á dùn. Wọ́n á dúró síwájú mítà níta, wọ́n á ro àwọn ẹyọ rẹ̀ pọ̀ láti mọ̀ bóyá ẹẹ́ta tàbí ẹẹ́sàn-án jẹ́ ọmọ rẹ̀; wọ́n á ro ẹyọ kan mọ́ ọn, wọ́n á yọ èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí, láti mọ̀ bóyá oókànlá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kéde ìdílé tó ti wá. Beatrice, aládùúgbò wa tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ fún mítà pé, “Ọmọ rẹ ni ẹẹ́ta, má ṣe bí ẹni pé o ò mọ̀ ọ́n.” Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bá mi kẹ́dùn bí ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di alẹ́, ẹ̀rù bà mí. Mo rántí bí Màmá àgbà ṣe rí ní ìgbẹ̀yìn ayé wọn, bí wọ́n ṣe ń pè mí ní orúkọ ìyá mi, tí wọ́n sì ń bi mí pé ìgbà wo ni mo dé láti oko. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ bá Bàbá nínú ilé tí wọ́n á dá wà. Mo bá gba àyè fún wọn lọ́dọ̀ dókítà.

Ọjọ́ tí wọ́n fún wa, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pe ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa jẹ. Kíkẹ́olúwa, ọmọ wa, ló gba àyè ní báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́, ó sì gbé bàbá àgbà rẹ̀ lọ. O mọ ọmọ yìí. Abuja la bí i sí, Abuja ló dàgbà sí. Bí o bá sọ Yorùbá sí i, ó gbọ́. Bí o bá ní kó dá ọ lóhùn, Òyìnbó ni wàá gbọ́. Dókítà tí wọ́n bá, Dókítà Adéyẹmọ, ọ̀dọ́ ni òun náà, ó ní ìtẹríba, ó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tó dàgbà síbí bíi ti Kíkẹ́. Ó béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n sọ ọ́. Ó béèrè ibi tí wọ́n wà, wọ́n sọ ọ́. Ó wá ní kí wọ́n yọ eéje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n tún yọ eéje nínú èyí tó kù, kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bàbá mú Yorùbá. Dókítà ní kí Kíkẹ́ máa túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Nígbà tí Kíkẹ́ pè mí láti ibẹ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, “Mọ́mì, Grandpa ò lè count mọ́. Wọ́n ń lọ sílẹ̀, wọ́n tún ń padà lọ sókè.” Dókítà fúnra rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ó ní ó jọ pé ìrántí Bàbá ti ń dín kù, pé kò ní dára kí wọ́n dá gbé mọ́. Èmi náà tún bu epo sí iná, mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá àti mítà fún un. Ó ní kí n ṣe sùúrù fún wọn.

Ìyẹn ló fà á tí mo fi pè ọ́ nígbà náà pé kí o wá ẹni tó máa yá ilé náà. A pe Bàbá jókòó, a ní kí wọ́n máa bá wa gbé. Wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé tiwọn. Akínjídé, tó rò pé òun gbọ́n, ní, “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé Àdágbé ni aláìní jù.” Wọ́n wò ó tìtì. Wọ́n ní, “Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún sọ pé kò sí ẹni tó lè pín in.” Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò lọ sídìí mítà mọ́. Bí iná bá tán, wọ́n á jókòó sínú òkùnkùn títí a ó fi tẹ tókìn. Wọn kì í béèrè pé mélòó ni. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan. Èmi sì ń sọ fún ara mi pé àìsàn náà ló ń le sí i. Titus, ìtìjú rẹ̀ bò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Wọ́n ń bínú sí wa ni, mo sì pe ìbínú wọn ní àìsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, iná tán bí mo ṣe ń lọ ata lọ́wọ́. Kíkẹ́ ra òmíràn lórí fóònù rẹ̀ nínú pálọ̀, ó sì ń pè é sí mi láti ojú fèrèsé, torí èmi ni mo wà nídìí mítà. Bàbá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pè é ní Òyìnbó, ní mẹ́rin mẹ́rin bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́: 4172, 0936, 5581, 2307, 7002. Iná wọlé. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ nínú ilé ni mo gbọ́ ohùn Bàbá, ohùn tí n kò tíì gbọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bá wọn sọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n ní, “Ẹgbàáwàá dín méjì.”

Kíkẹ́ bi mí ohun tí ẹgbàáwàá jẹ́. Mo ní ọ̀kẹ́ kan ni, twenty thousand. Ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé kí ni ẹgbàáwàá ọ̀hún. Wọ́n ní bí a bá ro àwọn mẹ́rin mẹ́rin yẹn pọ̀, iye tó jẹ́ nìyẹn. Ó fi fóònù rẹ̀ rò ó, ó sì mi orí. Ó rọra sọ sí mi létí pé kò sí ẹgbàáwàá níbẹ̀, pé 19,998 ni fóònù gbé jáde, pé twenty thousand and two ni Grandpa sọ, wọ́n sì ti fi mẹ́rin ṣì í. Àánú wọn ń ṣe é.

Èmi ò lóye ohun tó ń sọ lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní kó tún ohun tí Bàbá sọ sọ. Ó ní, “Ẹgbàáwàá dín méjì nau. Twenty thousand, two.” Mo ní dín ni wọ́n sọ, wọn kò sọ lé. Ó wò mí bíi pé mo ń sọ Hausa. Ó ní kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Kíkẹ́ mọ ogún, ó mọ ọgọ́ta, ó mọ ọgọ́rùn-ún. Ó mọ márùndínlógún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí orúkọ ènìyàn ló ṣe mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ogún tí a ti yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀ ni. Lójú tirẹ̀, dín àti lé kàn so ọ̀rọ̀ pọ̀ ni. Mo ní kó jókòó. Mo ní kó sọ ohun tí Bàbá sọ lọ́dọ̀ dókítà fún mi, kó sì sọ èyí tí òun túmọ̀ rẹ̀ sí. Ó rántí gbogbo rẹ̀, nítorí ó ti ń sunkún lórí rẹ̀. Bàbá sọ pé mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, ó ní ninety-three. Bàbá sọ pé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó ní ninety-four. Bàbá sọ pé mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó ní eighty-one. Méjìléláàádọ́rin, ó ní seventy-two. Márùndínláàádọ́rin, ó ní seventy-five. Ibẹ̀ ni dókítà ti ní kí wọ́n sinmi.

Bí ìwọ náà bá rò ó, Titus, wàá rí i pé Bàbá kò ṣi ẹyọ kan. 93, 86, 79, 72, 65. Gbogbo ibi tí lé bá wà, ọmọ wa gbà á. Gbogbo ibi tí dín bá wà, ó sọ ọ́ di lé. A sì fẹ́ fi ilé Bàbá fún ayálégbé nítorí ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo.

Bàbá kò tilẹ̀ bá wa dá sí i. Tókìn ni wọ́n ń rò. Wọ́n pe Kíkẹ́ mọ́ra, wọ́n ṣàlàyé fún un, mo sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ata lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ pe nọ́ńbà náà lódindi ní Yorùbá, iná á ti tún tán kí a tó pè é tán, ṣùgbọ́n a lè mọ̀ ọ́n láìpè é. Wọ́n ní nọ́ńbà yòówù tí a bá gé ní mẹ́rin mẹ́rin láti ìparí wá, bí ẹgbàárùn-ún dín ọ̀kan, ìyẹn 9,999, bá lè pín àpapọ̀ àwọn tí a gé, ó lè pín odidi rẹ̀. Wọ́n ní ní Òyìnbó, ènìyàn á wo 19,998 títí kó tó rí nǹkan kan níbẹ̀. Ní Yorùbá, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ẹgbàárùn-ún dín ọ̀kan ní ọ̀nà méjì, kí ni yóò tún jẹ́ bí kò bá ṣe ẹgbàáwàá dín méjì? Nítorí náà, nọ́ńbà gígùn tí Kíkẹ́ rà yẹn jẹ́ bàbá fún ẹgbàárùn-ún dín ọ̀kan, àti fún gbogbo ọmọ tí ìyẹn náà ní, bíi ẹẹ́ta, ẹẹ́sàn-án, oókànlá, àti oókànlélọ́gọ́rùn-ún. Eéjì ló parí rẹ̀, nítorí náà eéjì náà pín in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹẹ́rin kò lè pín in.

Wọ́n wá bi Kíkẹ́ pé ìdílé wo ló ti wá. Kíkẹ́ ní òun ò mọ̀, pé ta ló lè ro gbogbo ọmọ nọ́ńbà ogún ẹyọ pọ̀. Wọ́n ní kò pọn dandan kó rò wọ́n. Eéjì pín in, ẹẹ́ta pín in, nítorí náà ẹẹ́fà pín in. Ìdajì rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ rẹ̀, ìdámẹ́ta rẹ̀ wà níbẹ̀, ìdámẹ́fà rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí nìkan ti di odidi bàbá wọn, a kò tíì ka ẹyọ kan nínú àwọn yòókù. Kíkẹ́ ronú díẹ̀, ó ní, “Ànító.” Bàbá gbá a lọ́wọ́. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi fúnra mi gbé wọn padà lọ bá dókítà. Ìpàdé yòówù tí ọ̀gá wa lè pè, kó pè é. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní bí Kíkẹ́ ṣe gbọ́ ọ ni òun náà gbọ́ ọ, pé nílé wọn, Òyìnbó ni bàbá òun fi ń ka owó. Ó ní òun fẹ́ tún un ṣe, ó sì béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá Òyìnbó ni wọ́n máa fi kà á lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní rárá, Yorùbá ni, kí dókítà náà lè kọ́ ọ. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ní fígọ̀. Wọn kò dúró títí wọ́n fi dé eéjì, tí kò sí eéje kankan láti yọ mọ́. Ó tún fi àwọn nǹkan mìíràn dán wọn wò, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì ní ẹsẹ̀ Bàbá ló yẹ kí a máa ṣọ́, kì í ṣe orí wọn. Wọ́n lè padà sílé wọn, bí a bá ṣe ilé ìwẹ̀ náà dáadáa.

Kíkẹ́ ló wa ọkọ̀ wá sílé. A há sínú gòsílóò lẹ́nu ọ̀nà Gwarinpa, bó ṣe máa ń rí. Ohun kan kò jẹ́ kí n gbádùn. Bàbá fi Òyìnbó kọ́ni ní ìṣirò láti ìgbà èwe wọn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo bi wọ́n pé lọ́jọ́ náà, nígbà tí Kíkẹ́ ń sọ ninety-four fún dókítà, ṣé wọn kò gbọ́ ni?

Wọ́n ní, “Mo gbọ́.”

Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo ìta. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò fi èdè wa ṣe nǹkan fún òun. Wọ́n ní bí òun bá já a kulẹ̀ níwájú àlejò, kò ní dán an wò mọ́ láéláé. Òun rò pé eré lásán ni dókítà ń ṣe, pé òun á tún un ṣe fún un bí àwọn bá délé. Kí àwọn tó délé, ó ti pè mí. Lẹ́yìn náà, tí òun bá sọ̀rọ̀, orí ọmọ náà ni gbogbo rẹ̀ máa dà lé. Òun wá ń retí kí ẹnì kan nínú wa béèrè ohun tí òun kà gan-an lọ́wọ́ òun. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Kíkẹ́ ń wa ọkọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, Bàbá sì ń sọ fún un pé kó máa wo iwájú. Ní alẹ́, ó sọ fún mi pé òun máa gba ìsinmi òun níbi iṣẹ́, pé òun ló máa sin Bàbá lọ sí Ìkọ̀lé, òun á sì jókòó tì wọ́n níbẹ̀ kí wọ́n kọ́ òun ní kíkà láti oókan. Ọkọ̀ Jàbárù ni wọ́n máa bá wá, ní ojúmọmọ, kí ọkàn mi lè balẹ̀ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja àti Kàbà.

Nítorí náà, Titus, lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ mìíràn tún wà. Bá mi wá wẹ́dà kan kó fi irin ìdìmú sára ògiri ilé ìwẹ̀, kó sì fi òmíràn sẹ́nu àtẹ̀gùn. Kí o ra rọ́bà tí kì í yọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kí Jọlá máa yà wò wọ́n bó bá ń ti ilé ìwé dé. Sọ fún un pé bàbá àgbà ní tókìn tó pọ̀ láti fi hàn án. Ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Kíkẹ́ ní òun fúnra òun ló máa kọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ sísàlẹ̀ ìwé yìí, n kò gbọdọ̀ bá òun kọ ọ́.

Bá mi kí ìyàwó wa gan-an, mo ń fi òróró fún orúnkún ránṣẹ́ sí i nínú ẹrù Bàbá. Kí Jọlá fún mi. Kí gbogbo ará ilé Àjíṣafẹ́ lódìkejì ọ̀nà, kí o sì bá mi bẹ àwọn olùkọ́ méjèèjì náà. Bí o bá mọ ibòmíràn tí wọ́n lè gbé, jọ̀wọ́, ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá ní kí n sọ fún ọ pé òun gbọ́ pé o kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àga abẹ́ igi ọsàn kúrò, òun sì dúpẹ́.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní yára gba ohun gbogbo gbọ́ mọ́,

Jemimah.

Ọ́ńkù Titus, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo kọ eléyìí, Mọ́mì ò bá mi tún un ṣe. A máa dé ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, dín ni o. Mo ti wo gbogbo oṣù tó wà nínú ọdún, kò sí èyí tó ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n.

Kíkẹ́olúwa.